Iṣẹ́ Ṣaájú Orúkọ: Ìtàn Àwọn Atọ́kùn Gíga Nínú Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀

Ohun tí ènìyàn bá bá nílẹ̀ kì í pẹ́ dàbí ohun tí Ẹlẹ́dàá fi lélẹ̀ láti ìwáṣẹ̀. Bí ọmọ bá dàgbà, tí ó rí i pé irú ènìyàn báyìí ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí, kì í sábà béèrè ẹni tó pín iṣẹ́ náà. Ó máa ń gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe rí. Òpìtàn ni ó yẹ kí ó béèrè. Ìbéèrè tí mo fẹ́ béèrè nínú àròkọ yìí kan eré kan tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn gidigidi, ìyẹn bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí púpọ̀ nínú wọn ń pè ní basikẹ́ẹ̀tì-bọ́ọ̀lù. Ta ni ó yẹ kí ó máa darí eré náà? Ta sì ni ó sọ pé òun ni ó yẹ?

Èdè àti àṣà Yorùbá ni mo ń kọ́ni ní yunifásítì. N kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ohun tó fà mí sí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìtàn iṣẹ́ ni, ìtàn orúkọ sì ni pẹ̀lú. Iṣẹ́ kan wà tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di pé ó ní orúkọ. Nígbà tó sì yá, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó gbé iṣẹ́ náà dé góńgó jẹ́ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá kò sì dá orúkọ náà mọ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ rí i lójú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ nínú eré náà fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni márùn-ún ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí pápá: gáàdì méjì, fọ́wọ́ọ̀dù méjì àti sẹ́ńtà kan. Àwọn gáàdì ni wọ́n sábà máa ń kúrú jù. Ọ̀kan nínú wọn, tí à ń pè ní póìntì gáàdì, ni ó máa ń ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀yìn, tí yóò wo bí àwọn alátakò ṣe dúró, tí yóò sì pinnu ẹni tí bọ́ọ̀lù yóò lọ bá. Atọ́kùn ni n ó máa pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó jọ ẹni tó ń tọ́ eégún lójú agbo. Atọ́kùn ni ó mọ ibi tí ó yẹ kí eégún yà sí, òun ni ó sì ń la ọ̀nà fún un láàárín èrò. Bí a bá tẹ̀ lé àfiwé yìí, fọ́wọ́ọ̀dù àti sẹ́ńtà ni eégún ńlá. Wọ́n ga, wọ́n sì síngbọnlẹ̀. Ẹ̀bá apẹ̀rẹ̀ ni ibùdó wọn. Wọ́n ń dúró de bọ́ọ̀lù ni, wọn kì í gbé e wá.

Òfin kọ́ ni ó pín iṣẹ́ náà báyìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891 ni James Naismith, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ YMCA ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, dá eré náà sílẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó èso píìṣì ni ó gbé kọ́ sókè ní ìhà méjèèjì gbọ̀ngàn ìdárayá. Òfin 13 ni ó kọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mẹ́nu ba ẹni gíga tàbí ẹni kúkúrú. Òfin kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé bọ́ọ̀lù sáré: ibi tí ènìyàn bá ti mú un ni ó ti gbọ́dọ̀ jù ú fún ẹlòmíràn. Èyí túmọ̀ sí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, gbogbo ẹni tí bọ́ọ̀lù bá bà sí lọ́wọ́ ni atọ́kùn, fún ìwọ̀nba ìgbà tó fi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Báwo wá ni iṣẹ́ náà ṣe di ti ẹni kúkúrú nìkan? Ohun mélòó kan ni ó fà á. Nígbà tó yá, títa bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bí ènìyàn ti ń rìn wọ inú eré náà. Bọ́ọ̀lù tí ẹni kúkúrú ń ta súnmọ́ ilẹ̀, ó sì ṣòro láti já gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti ẹni gíga, títí di ọdún 1937, gbogbo ìgbà tí ikọ̀ kan bá ti jẹ ni wọ́n máa ń dá bọ́ọ̀lù padà sí àárín pápá, tí ẹni méjì yóò fò sókè láti dù ú. Gbogbo ikọ̀ ni ó nílò ẹni gíga fún fífò yìí. Nígbà tí wọ́n pa àṣà náà tì, ẹni gíga fìdí kalẹ̀ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀. George Mikan, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 10, di òkìkí ní ikọ̀ Minneapolis Lakers débi pé ní ọdún 1951 ni líìgì NBA fẹ àlà abẹ́ apẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 12, kí ó má baà máa dúró síbẹ̀ jù. Láàárín àwọn ọdún yẹn kan náà ni Bob Cousy, gáàdì Boston Celtics tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 1 lọ, fi gba ipò kìíní léraléra fún sáà 8, láti 1953 títí di 1960, nínú kíka bọ́ọ̀lù àfifúnni, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí ènìyàn fi lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ tí onítọ̀hún sì sọ sínú apẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àwòrán méjì yìí ni ó wá fìdí múlẹ̀ lọ́kàn ènìyàn: òmìrán lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, ẹni kúkúrú lókèèrè tó ń darí rẹ̀. Àṣà lásán ni, ṣùgbọ́n àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ ọ́ di òfin. Ọmọ tó bá ti ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nílé ìwé, abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lé e sí. Bí ó bá dán an wò láti ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, wọn a ní kí ó gbé e fún ẹni tó ni ín. Ẹ̀bùn tó lè wà lójú àti lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, gíga rẹ̀ ni wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kọjá eré. Nígbàkígbà tí a bá fi ìrísí ẹni díwọ̀n iṣẹ́ tó lè ṣe, a ti pàdánù ohun kan tí a kò ní mọ̀ pé a pàdánù.

Nínú àwọn ọdún 1970 ni àṣà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ní gbangba. Ní ọdún 1975, ikọ̀ Golden State Warriors gba ife-ẹ̀yẹ NBA. Ìdíje 4 sí òdo ni wọ́n fi ṣẹ́gun Washington Bullets. Rick Barry, tó jẹ́ fọ́wọ́ọ̀dù tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 7, ni ó ń jẹ jù nínú ikọ̀ náà, òun náà sì ni ó ń fi bọ́ọ̀lù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jù: ìpíndọ́gba àfifúnni rẹ̀ ní sáà náà jẹ́ 6.2 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1979, Seattle SuperSonics gba ife náà. Lenny Wilkens ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Gáàdì méjì tó ní, Gus Williams àti Dennis Johnson, jẹ́ ẹni tí ó sàn kí a fi sílẹ̀ láti máa wá ọ̀nà jẹ ju kí a di ẹrù ìdarí lé wọn lórí. Nítorí náà, Wilkens gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ atọ́kùn fún fọ́wọ́ọ̀dù kan tó ń jẹ́ John Johnson. Póìntì gáàdì ni Wilkens fúnra rẹ̀ nígbà tí òun náà ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ti ṣe atọ́kùn rí mọ̀ pé iṣẹ́ ojú àti iṣẹ́ ọpọlọ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìrísí.

Kí ni èrè tó wà nínú kí fọ́wọ́ọ̀dù jẹ́ atọ́kùn? Èkíní, ẹni gíga ń wo orí àwọn alátakò kọjá. Bọ́ọ̀lù tí gáàdì kúkúrú kò lè fi ránṣẹ́ àfi bí ó bá kọ́kọ́ rìn yí ká, òun lè jù ú gba orí wọn tààrà. Èkejì, bí fọ́wọ́ọ̀dù bá gba bọ́ọ̀lù tó ta padà lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, kò ní máa wá gáàdì kiri kí ó tó gbé e fún un. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ, kí àwọn alátakò tó rí ààyè tò. Ẹ̀kẹta, bí ẹni gíga bá ń darí eré láti òkèèrè, òmìrán tó ń ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ kúrò lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ wá pàdé rẹ̀, ààyè yóò sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn onítọ̀hún. Bí wọ́n bá sì fi ẹni kúkúrú ṣọ́ ọ, yóò ju bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ṣá o, ó ní àléébù tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ẹni gíga ń ta máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà láàárín ilẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀, ó sì rọrùn láti já gbà. Bẹ́ẹ̀ ni gíga nìkan kò tó. Yorùbá ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Atọ́kùn gíga gbọ́dọ̀ ní ojú àgbà kún gíga rẹ̀.

Títí di àkókò tí a ń wí yìí, iṣẹ́ náà kò ì tíì ní orúkọ. Ìlú Milwaukee ni orúkọ náà ti gbilẹ̀, ní àárín àwọn ọdún 1980. Don Nelson ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Milwaukee Bucks láti 1976 títí di 1987. Marques Johnson, tó jẹ́ fọ́wọ́ọ̀dù ikọ̀ náà títí di ọdún 1984, sọ pé òun ni òun kọ́kọ́ pe ara òun ní póìntì fọ́wọ́ọ̀dù, nígbà tí àwọn gáàdì fara pa tí Nelson sì ní kí òun máa darí eré. Àwọn mìíràn ní Houston ni ó ṣaájú, níbi tí Del Harris ti jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá títí di 1983, tí ó sì ní fọ́wọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ Robert Reid. Paul Pressey ni púpọ̀ ènìyàn sì so orúkọ náà mọ́, nítorí pé òun ni Nelson gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ láìfi bò lẹ́yìn tí Johnson lọ. Ní sáà 1985 sí 1986, ìpíndọ́gba àfifúnni Pressey ju 7 lọ nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn ìtẹ̀dó àwọn ìlú wa kò ní ya ẹnu sí irú àríyànjiyàn yìí. Ta ni ó kọ́kọ́ dé? Ta ni ó sọ ibẹ̀ lórúkọ? Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀. Ní èrò tèmi, ohun tó ṣe pàtàkì kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ la ẹnu pe orúkọ náà, bí kò ṣe ohun tí orúkọ náà ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti pè é. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ èyí náà lórúkọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí orúkọ ti wà, ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ìbá pè ní àṣejù ọmọ gíga ti di ipò tí ènìyàn lè tọ́ka sí, tí ó sì lè kọ́ ọmọ láti dé. Ẹni tó ṣe é ṣaájú orúkọ kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìdí abájọ nìyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi mọ orúkọ àwọn tó tẹ̀ lé John Johnson, tí àwọn tó mọ òun fúnra rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Àwọn tó tẹ̀ lé e pọ̀. Larry Bird, fọ́wọ́ọ̀dù Boston Celtics tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 9, gba ife-ẹ̀yẹ ní 1981, 1984 àti 1986. Gáàdì tó bá a ṣe é nínú méjì tó kẹ́yìn ni Dennis Johnson kan náà tó ti wà ní Seattle pẹ̀lú John Johnson. Ní Chicago, Phil Jackson àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Tex Winter, lo ètò eré kan tí kò gbé bọ́ọ̀lù lé gáàdì kan ṣoṣo lọ́wọ́, Scottie Pippen tó jẹ́ fọ́wọ́ọ̀dù sì di atọ́kùn ikọ̀ náà. Nígbà tí Michael Jordan fi eré sílẹ̀ ní 1993, ọ̀pọ̀ rò pé Chicago Bulls ti tán. Ìdíje 57 ni wọ́n ti borí ní sáà tó ṣaájú. 55 ni wọ́n borí láìsí Jordan, Pippen ni ó sì ṣíwájú ikọ̀ nínú jíjẹ àti nínú àfifúnni. LeBron James, tó wọ NBA ní 2003, wá fi èdìdì dì í. Ní sáà 2019 sí 2020, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 35, òun ni ó gba ipò kìíní nínú àfifúnni ní gbogbo líìgì, pẹ̀lú ìpíndọ́gba 10.2. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2023, ó tún kọjá Kareem Abdul-Jabbar, ó sì di ẹni tó jẹ jù nínú ìtàn líìgì náà. Ẹni tó ń fi fúnni jù di ẹni tó ń jẹ jù.

Mo ti sọ pé orúkọ Yorùbá kan wà nínú ìtàn yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní ìlú Athens, ní ilẹ̀ Gíríìsì, ní ọdún 1994, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Ígbò, ni Milwaukee Bucks mú ní ipò 15 ní ọdún 2013. Giannis Antetokounmpo ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀. Kì í ṣe àṣìkọ. Nínú ìkọsílẹ̀ èdè Gíríìkì òde òní, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó dúró fún ìró d tàbí ìró b bí àwa ṣe ń pè wọ́n. Lẹ́tà n àti t tiwọn ni wọ́n máa ń so pọ̀ fún d, m àti p fún b, o àti u fún ìró u. Nígbà tí wọ́n wá fi lẹ́tà òyìnbó rọ́pò lẹ́tà Gíríìkì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Adétòkunbọ̀ di Antetokounmpo. Adé ti òkun bọ̀: orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí ìbí rẹ̀ tàbí wíwá rẹ̀ bá kan ìdálẹ̀, ni ó tún gba orí òkun kọjá tí ó sì wọ aṣọ mìíràn.

Gíga Adétòkunbọ̀ yìí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 11, gíga tí à bá fi sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ láyé Mikan. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, Jason Kidd tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Bucks nígbà náà gbé iṣẹ́ atọ́kùn lé e lọ́wọ́. Póìntì gáàdì ni Kidd náà nígbà tirẹ̀, bí i ti Wilkens. Ìlú tí orúkọ náà ti gbilẹ̀ ni iṣẹ́ náà tún ti gbèrú. Ní sáà 2016 sí 2017, Giannis ni ó ṣíwájú ikọ̀ rẹ̀ nínú ohun márààrún tí wọ́n máa ń kà: jíjẹ, gbígba bọ́ọ̀lù tó ta padà, àfifúnni, jíjá bọ́ọ̀lù gbà àti dídí bọ́ọ̀lù alátakò. Wọ́n dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù ní líìgì ní 2019 àti 2020.

Síbẹ̀, ìtàn kì í lọ tààrà. Ní ọdún 2019, Bucks borí Toronto Raptors ní ìdíje méjì àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò dé àṣekágbá, ṣùgbọ́n Toronto borí mẹ́rin tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣàkíyèsí pé atọ́kùn náà kì í sọ bọ́ọ̀lù wọlé dáadáa láti òkèèrè. Nítorí náà wọ́n fi ènìyàn mọ ògiri sí iwájú apẹ̀rẹ̀ dè é. Ọgbọ́n kan tó dára ní ibi ìdènà tirẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Bucks gba gáàdì kan, Jrue Holiday, wọlé. Adétòkunbọ̀ kò wá ní láti máa gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ ní gbogbo ìgbà mọ́. Nígbà mìíràn òun ni atọ́kùn, nígbà mìíràn òun ni eégún. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2021, ó jẹ àmì 50 nínú ìdíje kẹfà àṣekágbá, wọ́n sì ṣẹ́gun Phoenix Suns. Ife-ẹ̀yẹ tí Milwaukee kò rí gbà láti 1971 bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé a kò tú àṣà àtijọ́ kí a lè gbé àṣà tuntun tó le bákan náà rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá burú láti sọ pé ẹni gíga kò gbọdọ̀ darí, kò dára kí a sọ pé òun nìkan ni yóò máa darí.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tó yẹ kí n sọ fún àwa tí a ni orúkọ náà. Inú wa máa ń dùn tí a bá gbọ́ ọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a fi orúkọ gba iṣẹ́ oníṣẹ́. Àwọn pápá ìlú Athens ni Giannis ti kọ́ eré yìí, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i tí kò sì di ọmọ onílùú lójú òfin títí di ọdún 2013. Àwọn òbí rẹ̀ ni wọ́n fún un ní orúkọ, ibòmíràn ni ó ti rí pápá. Bí a bá fẹ́ ṣe ju kí a máa yangàn lọ, àwọn ọmọ gíga tó wà nílé ìwé wa lónìí ni kí a wò.

Iṣẹ́ máa ń ṣaájú orúkọ. Èyí ni mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí. Bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan kò bá rí orúkọ fún un, ìtàn lè gbójú fò ó. Bí a bá sì fi orúkọ ipò dí ẹni mọ́ inú ilé, iṣẹ́ tó lè ṣe yóò kú sínú rẹ̀. Ní ọdún 2023, Denver gba ife-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní NBA, Nikola Jokić, ọmọ ilẹ̀ Serbia, sì ni atọ́kùn wọn. Sẹ́ńtà ni, abẹ́ apẹ̀rẹ̀ gan-an ni àṣà ìbá fi í sí. Olùkọ́ tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọmọ lè ṣe, kí ó kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́ ná, kí ó tó sọ ibi tí yóò dúró.